Fàdákà Tí Ó Ń Ròyìn Eré: Ìtàn Owó Ìrántí Àwọn Ìdíje Ńlá

Ohun méjì ń bẹ tí ìran ènìyàn kò tíì pa tì láti ìgbà tí aláyé ti dáyé: èkíní ni eré ìdíje, èkejì ni owó. Eré a máa mú ọ̀dọ́ jáde kúrò ní agbo ilé baba rẹ̀ láti lọ fi agbára han ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni owó a máa ti ààfin dé abà, a máa ti ọwọ́ ọlọ́rọ̀ bọ́ sí ọwọ́ alágbe, kò sì sí ilẹ̀kùn tí kì í ṣí sílẹ̀ fún un, èyí tí ó mú kí àwọn àgbà máa wí pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí eré kò gùn. Ẹni tí ó yára jù láyé a sá 100 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ojú sì tó ṣẹ́, ó ti parí. Ariwo a rọlẹ̀, eruku a balẹ̀, òǹwòran a túká, olúkúlùkù a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Owó ní tirẹ̀ kì í sinmi, nítorí ẹni tí ó ná an lónìí kò mọ ẹni tí yóò ná an lọ́la. Ìdí nìyí tí àwọn ọba àti ìjọba, láti nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, fi ń ya àwòrán eré sí ara owó, kí ohun tí ẹsẹ̀ fi ìyára ṣe má baà fi ìyára di ohun ìgbàgbé. Ìtàn irú owó ìrántí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, nítorí ìtàn ògo ni, ìtàn gbèsè ni, ìtàn aáwọ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ni pẹ̀lú, ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ilẹ̀ Gíríìsì ni odò yìí ti ṣàn wá. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti ń kà á, ọdún 776 ṣáájú ìbí Jésù ni ìdíje Olympia bẹ̀rẹ̀, ní ojúbọ Súúsì, ọba àwọn òrìṣà wọn, ẹni tí ń fi àrá bá ọ̀tá jà gẹ́gẹ́ bí Ṣàngó olúkòso ti í ṣe. Adé ewé ólífì lásán ni wọ́n fi ń dá aṣẹ́gun lọ́lá ní ojú pápá, ṣùgbọ́n adé ewé yìí níye lórí tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú tí ọmọ rẹ̀ bá gbà á kì í dákẹ́. Àwọn ará Elis, tí í ṣe olùtọ́jú ojúbọ náà, a máa rọ owó fàdákà tí ó ní orí Súúsì tàbí ẹyẹ idì rẹ̀ lára. Ní nǹkan bí ọdún 480 ṣáájú ìbí Jésù, Anaxilas, olórí ìlú Rhegium tí ó wà ní gúúsù Ítálì, fi kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìbaaka ń fà borí ní Olympia. Nígbà tí ó sì padà délé, ó pàṣẹ kí wọ́n ya kẹ̀kẹ́ àti ìbaaka náà sí ara owó ìlú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó ta ẹja ní Rhegium, tí ó sì gba owó rẹ̀, ti gba ìròyìn ìṣẹ́gun olórí rẹ̀ mọ́ ọn, ìbáà ṣe pé ó bèèrè tàbí kò bèèrè.

Ẹni tí ó mọ ọgbọ́n yìí lò jù ni Fílípì Kejì, ọba Makedóníà, baba Alẹkisáńdà Ńlá, afọgbọ́n-jagun, a-fi-wúrà-ṣí-ibodè. Plutarch òpìtàn ròyìn rẹ̀ pé nígbà tí Fílípì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú Potidaea ní ọdún 356 ṣáájú ìbí Jésù, ìròyìn mẹ́ta dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà: pé balógun rẹ̀ Parmenion ti ṣẹ́gun àwọn ará Illyria, pé ẹṣin rẹ̀ ti borí ní Olympia, àti pé aya rẹ̀ ti bí ọmọkùnrin. Bí eégún ẹni bá jó re, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Fílípì kò fi ayọ̀ yìí mọ sí àárín ààfin. Lórí owó fàdákà rẹ̀, ọmọkùnrin kan jókòó lórí ẹṣin, ó mú imọ̀ ọ̀pẹ ìṣẹ́gun dání. Lórí ti wúrà, orí òrìṣà Apollo wà ní iwájú, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin méjì ń sáré ní ẹ̀yìn, orúkọ ọba sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ju ìyangàn lọ. Gíríìkì nìkan ni a ń gbà láyè láti díje ní Olympia, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Gíríìkì ni kò ka àwọn ará Makedóníà sí ọmọ ìyá wọn. Nítorí náà, owó tí ó ń ròyìn pé ẹṣin Fílípì borí ní Olympia ń ròyìn pẹ̀lú pé ọmọ ilé ni Fílípì í ṣe, kì í ṣe àlejò. Àwọn jagunjagun àti oníṣòwò gbé wúrà náà rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀yà Gaul, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí, fi bẹ̀rẹ̀ sí rọ tiwọn ní àwòkọ rẹ̀, tí wọ́n sì ń rọ ọ́ láti ìran dé ìran títí ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ fi di ilà àti àmì tí ẹni tí kò bá mọ ìtàn kò lè dá mọ̀.

Nígbà tí àwọn olú-ọba Róòmù ti di onígbàgbọ́, wọ́n fi òpin sí àwọn ọdún òrìṣà, ìdíje Olympia sì parẹ́ ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kẹrin lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó sùn lọ fọnfọn fún ó lé ní 1,400 ọdún, kí Pierre de Coubertin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tó jí i dìde, tí a sì ṣe é ní Athens ní ọdún 1896. Ìjọba Gíríìsì tẹ sítáǹpù jáde fún ìdíje ọdún náà, àwọn ìlú mìíràn tí ó gbà á lálejò lẹ́yìn rẹ̀ sì ń rọ àmì ẹ̀yẹ fún àwọn aṣẹ́gun, ṣùgbọ́n ó lé ní 50 ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tún rántí ọgbọ́n Fílípì, kí ó sì sọ eré di owó.

Fínlándì ni ó rántí, ilẹ̀ adágún omi, ilẹ̀ igbó tútù, orílẹ̀-èdè kékeré tí ìyà ńlá ti jẹ. A ti kọ́kọ́ fún Helsinki ní ìdíje ọdún 1940, lẹ́yìn tí Jàpáánù tí ń bá Ṣáínà jagun ti dá a padà, wọ́n sì ti kọ́ pápá ìṣeré wọn tán ní ọdún 1938, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ funfun kan tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72.71, èyíinì ni iye mítà tí ọ̀kọ̀ Matti Järvinen, ọmọ ilẹ̀ wọn, fò nígbà tí ó gba wúrà ní Los Angeles ní ọdún 1932. Ṣùgbọ́n ogun bẹ́ sílẹ̀. Rọ́ṣíà kọlù wọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 1939. Wọ́n pàdánù ilẹ̀ Karelia, ó lé ní 400,000 ènìyàn tí ó fi ilé àti oko sílẹ̀, nígbà tí ogun sì parí, a bu owó ìtanràn 300 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn lórí láti fi ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ àti wáyà san fún Rọ́ṣíà. Ẹrù yìí ṣì wà lórí wọn nígbà tí wọ́n gba àlejò gbogbo ayé ní ọdún 1952, nítorí oṣù kẹsàn-án ọdún náà, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ti lọ tán, ni wọ́n tó san èyí tí ó kẹ́yìn nínú gbèsè náà.

Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó rọ owó ìrántí Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ ti ayé òde òní. Owó 500 markkaa ni, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 12, ìlàjì rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Òrùka márùn-ún tí ó wọnú ara wọn wà ní ojú kan, adé ewé sì yí iye owó náà ká ní ojú kejì. Kò sí orí ọba lára rẹ̀, kò sí ti balógun. Àwọn tí wọ́n rọ ní ọdún 1951 kò tó 20,000, ó sì lé ní 580,000 tí wọ́n rọ ní ọdún 1952, nígbà tí Paavo Nurmi, àgbà nínú eléré ìje, gbé iná wọ pápá tí òjò ti rin gbingbin, tí Emil Zátopek ọmọ Czechoslovakia sì gba wúrà nínú eré 5,000 mítà, 10,000 mítà àti eré ẹlẹ́mìí ẹṣin tí a ń pè ní máratọ́ọ̀nù. Owó náà kò tóbi, kò sì wúwo, síbẹ̀ ó wí fún ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ pé àwọn tí ogun fọ́ ilé wọn ti tún ilé ṣe, wọ́n sì ti ní àga tí àlejò yóò fi jókòó.

Ní Helsinki yìí kan náà ni Nàìjíríà ti kọ́kọ́ fara hàn ní ìdíje Òlíńpíìkì. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ni wọ́n, eléré ìje àti afòsókè ni gbogbo wọn, lára wọn sì ni Karim Olówu àti Josiah Májẹ̀kódùnmí, ẹni tí ó ti gba fàdákà nínú fífò sókè ní ìdíje àwọn ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Auckland ní ọdún 1950, tí ó sì ṣe ipò kẹsàn-án ní Helsinki láàárín àwọn akọni gbogbo ayé. Owó tí a ń ná nílé nígbà náà kì í ṣe tiwa. Ṣílè alámì ọ̀pẹ ni àti kọ́bọ̀ onihò, tí wọ́n ń rọ ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ Ọba Gẹ̀ẹ́sì sí i lára. Ẹni tí ó bá ni àgbẹ̀dẹ ni ó ń yan ohun tí irin yóò dà, nítorí náà kò sí bí òkìkí Májẹ̀kódùnmí ti lè pọ̀ tó tí yóò gba ara ṣílè wọ ọjà Ìtókù tàbí ọjà Dùgbẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ ń ti ẹnu bọ́ sí etí, inú ìwé ìròyìn ni a sì ti ń kà á, nígbà tí fàdákà Helsinki ń gbé ìròyìn ọdún kan náà yìí kiri ayé.

Ọdún 12 kọjá kí àwọn mìíràn tó tẹ̀lé ipasẹ̀ Fínlándì. Ní ọdún 1964, Austria rọ owó fàdákà 50 schilling fún ìdíje orí yìnyín ní Innsbruck, Jàpáánù náà sì rọ tirẹ̀ fún Tokyo, èyí tí ó jẹ́ owó ìrántí àkọ́kọ́ nínú ìtàn ilẹ̀ wọn lóde òní: 1,000 yen tí òkè Fuji wà lára rẹ̀ láàárín òdòdó ṣẹ́rì, mílíọ̀nù 15 ni wọ́n rọ, àti 100 yen tí iná Òlíńpíìkì àti òrùka márùn-ún wà lára rẹ̀, mílíọ̀nù 80 ni wọ́n rọ ní tirẹ̀. Báyìí ni ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti sun ní ọdún 1945 ṣe di ilẹ̀ tí ń fi fàdákà kí gbogbo ayé káàbọ̀. Ní ọdún 1968, Mẹ́síkò kò fi òkè tàbí òdòdó sí orí 25 pesos tirẹ̀. Ó padà sí ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí owó náà wọ aṣọ ìgbà láéláé, ó wà lójú eré bọ́ọ̀lù àtijọ́, irú èyí tí a ń fi bọ́ọ̀lù rọ́bà líle gbá, tí ìdí àti ìgbáròkó sì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣe lónìí, òrùka Òlíńpíìkì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ogún ẹni bá dá ni lójú, a fi í gbárí. Àwọn ará Mẹ́síkò fi owó kan ṣoṣo sọ fún àwọn òyìnbó pé kí Coubertin tó jí eré àwọn Gíríìkì dìde, eré ti wà ní ilẹ̀ tiwọn. Nínú àwọn kan lára owó náà, òrùka àárín rẹlẹ̀ díẹ̀ sí bí ó ti yẹ, àwọn tí ń ṣa owó jọ sì ń wá irú wọn kiri títí di òní.

Jámánì ni ó kọ́kọ́ rí i pé owó ìrántí lè ru ẹrù ńlá, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lára owó lè dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ìdíje ọdún 1972 ń bọ̀ ní Munich, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí rọ owó fàdákà máàkì 10, wọ́n sì kọ ọ́ sí èyí àkọ́kọ́ pé ìdíje náà yóò wáyé ní Jámánì. Ní àkókò náà, orílẹ̀-èdè méjì ni Jámánì jẹ́, odi sì wà láàárín wọn ní Berlin. Àwọn ará Ìlà Oòrùn kò gbà: wọ́n ní ìlú ni a ń fún ní ìdíje Òlíńpíìkì, kì í ṣe orílẹ̀-èdè, àti pé Jámánì tí a kọ síbẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé àwọn kò sí láyé. Ọ̀rọ̀ ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni ó sì ń yọ ọfà lápó. Wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dà, àwòrán kan náà tún jáde pẹ̀lú orúkọ Munich. Nǹkan bí 100 mílíọ̀nù owó yìí ni ilé ìrọwó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ náà rọ, èrè rẹ̀ sì di ọ̀kan nínú òpó tí ó gbé ìnáwó ìdíje náà ró. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, àwọn agbébọn ọmọ Palẹsitínì wọ ibùdó àwọn eléré, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì 11 sì bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ. Iná ayọ̀ ni ó wà lára fàdákà náà, nítorí wọ́n ti rọ ọ́ kí ọjọ́ burúkú náà tó dé. Ẹni tí ó bá mú un lọ́wọ́ lónìí ni yóò fi ọkàn ara rẹ̀ kọ èyí tí ó kù.

Ohun tí Munich rí ni Montreal ń lépa. Láti ọdún 1973 títí di 1976, Kánádà rọ oríṣi owó fàdákà 28, dọ́là 5 àti dọ́là 10, ó sì fi wúrà dọ́là 100 kún un, pẹ̀lú ìrètí pé àwọn tí ń rà á yóò sanwó pápá ìṣeré tí Jean Drapeau, olórí ìlú náà, ti pinnu láti kọ́. Àwòrán wọn dára, fàdákà wọn mọ́, ṣùgbọ́n ọjà pọ̀ ju oníbàárà lọ, ìnáwó sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Ọdún 2006, lẹ́yìn 30 ọdún gbáko, ni ìgbèríko Quebec tó bọ́ nínú gbèsè ìdíje náà. Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò sí lára ìkankan nínú àwọn owó 28 náà. Ikọ̀ rọ́gúbì New Zealand ti lọ bá àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ṣeré, lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ní ọdún tí wọ́n pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto. Nígbà tí a kò sì lé New Zealand jáde nínú ìdíje, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, kọ̀ láti bá wọn ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ó ti fi ọdún mẹ́rin múra sílẹ̀ ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ojú ìlà ìsáré. Fàdákà kò mọ bí a ti í ya àwòrán ẹni tí kò wá.

Ìjọba Rọ́ṣíà tẹ̀lé Kánádà, ó sì tún ju ti Kánádà lọ: fàdákà oríṣi 28, wúrà, àti pàápàá plátínọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ fún Moscow 1980, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ fún títà fún àwọn ará òkèèrè. Ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ọmọ ilé. Wọ́n rọ owó rúbù 1 oríṣi 6 tí kì í ṣe fàdákà fún àwọn ènìyàn láti ná. Nítorí ogun tí Rọ́ṣíà gbé lọ sí Afghanistan, Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò lọ sí ìdíje náà. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an, iye owó fàdákà lọ sókè lójijì ní ọjà àgbáyé títí ó fi súnmọ́ dọ́là 50 fún ìwọ̀n áúǹsì kan, àwọn ènìyàn níbi gbogbo sì ń kó fàdákà ilé wọn jáde fún àwọn tí ń yọ́ ọ, owó àtijọ́ àti owó ìrántí pẹ̀lú. Ẹni tí ó rà á nítorí fàdákà tà á nítorí fàdákà. Ẹni tí ó rà á nítorí eré ni ó kù tí ó ní in lọ́wọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà tiwọn gbà. Fún Los Angeles 1984, wọ́n fi èlé kékeré lé orí owó kọ̀ọ̀kan, dọ́là 10 lórí fàdákà, dọ́là 50 lórí wúrà, èlé náà sì di ti ètò ìdíje náà àti ti àwọn eléré. Ó lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là tí wọ́n rí. Wúrà dọ́là 10 náà, tí ó ní àwòrán ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń sáré gbé iná, ni owó wúrà àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn rọ láti ọdún 1933. Ṣùgbọ́n oyin tí a lá láàjù a máa kọ ni lẹ́nu. Fún Atlanta 1996, oríṣi owó 16 ni wọ́n kó jáde láàárín ọdún méjì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì rí olùrà, tó bẹ́ẹ̀ tí ilé aṣòfin wọn fi ṣe òfin pé irú ètò owó ìrántí bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ lọ́dún. Lára àwọn 16 náà ni ìdajì dọ́là kan wà fún bọ́ọ̀lù, àwọn obìnrin ni ó sì ń gbá a níbẹ̀, nítorí ọdún náà ni bọ́ọ̀lù obìnrin kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Àwa ọmọ Nàìjíríà ní ìdí láti fẹ́ràn owó yìí, nítorí ní ìdíje náà ni Chioma Ajunwa ti fò jìnnà ju gbogbo obìnrin ayé lọ, tí àwọn ọmọkùnrin wa sì na Bràsíl ní 4-3, kí wọ́n tó na Ajẹntínà ní 3-2 gba wúrà.

Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti bọ́ọ̀lù náà ní owó tirẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni ti Spéìnì, tí kò náni lówó kankan láti ní. Ní ìmúrasílẹ̀ fún ọdún 1982, wọ́n kọ orúkọ ìdíje náà sí ara owó tí ará ìlú ń ná lójoojúmọ́, láti 50 céntimos títí dé 100 pesetas; ọdún 1980 ni a kọ sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nínú ìràwọ̀ kékeré kan ni a fi ọdún tí a rọ ọ́ gan-an sí. Ẹni tí ó fẹ́ ra búrẹ́dì ń fi bọ́ọ̀lù sanwó. Ní ọdún 1986, Ìlú Ọba náà rọ pọ́n-ùn 2 fún ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní Edinburgh, owó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ṣe ìrántí ìdíje eré, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún ilẹ̀ Scotland sì wà lára rẹ̀. Síbẹ̀, 32 nínú orílẹ̀-èdè 59 ni kò wá, nítorí pé ìjọba Thatcher, olórí ìjọba Ìlú Ọba nígbà náà, kò fi ọwọ́ líle mú Gúúsù Áfíríkà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Nàìjíríà àti Ghana ni ó kọ́kọ́ kéde pé àwọn kò lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí a ó rí owó ìrántí ìdíje tí ọwọ́ tiwa wà nínú ìtàn rẹ̀ nípa pé a kọ̀ ọ́, mo sì kà á sí ọlá: ebi a máa pa ọmọlúwàbí, kì í jí adìyẹ jẹ.

Nígbà tí ó di ti London 2012, àwọn ará Ìlú Ọba ti kọ́ ọgbọ́n. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ 50 pence oríṣi 29, eré kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, títí kan boccia, goalball tí àwọn afọ́jú ń gbá, àti rọ́gúbì orí kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ará ìlú lásán ni wọ́n ké sí láti ya àwòrán wọn. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan ni ó ya ti eré ìje, ẹni tí ó fò sókè kọjá ọ̀pá, kò sì sí ọmọdé tí ó ṣe irú rẹ̀ rí fún owó ilẹ̀ náà. Ti bọ́ọ̀lù ya pápá, ó sì fi àmì kéékèèké kọ́ni ní òfin ọ́fúsáìdì, tí àwọn òǹwòran ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ti òmùwẹ̀ ní ilà omi tí ó bo ojú ẹni tí ń wẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ ya á. Wọ́n tún un ṣe kí ojú lè hàn, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́ ti bọ́ síta, iye tí wọ́n sì ń tà á báyìí pọ̀ ju 50 pence lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ti ìkànṣẹ́ wà nínú wọn pẹ̀lú, ní ìdíje náà ni Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ wá láti Ṣágámù, ti gba wúrà fún Ìlú Ọba. Ní Peckham, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ta iṣu, ẹ̀lùbọ́ àti èjìká ẹran, 50 pence oníbọ̀wọ́ ìkànṣẹ́ yìí ń wọnú àpò gẹ́gẹ́ bí ṣéńjì, kò sì sí ìyá ọlọ́jà tí ó ní láti ra ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀. Bákan náà ni Bràsíl ṣe fún Rio 2016: oríṣi 16 owó réàlì 1 ni wọ́n fi sí ọjà láàárín ọdún 2014 àti 2016, gbogbo àwọn tí ń ta àkàrà ní Salvador, ní ilẹ̀ Bahia tí àwọn baba wa tí a kó lẹ́rú gbé àkàrà dé, sì lè gba eré ìje àti ìwẹ̀ odò lọ́wọ́ oníbàárà wọn.

Ohun tí ìtàn yìí fi yé mi ni pé owó ìrántí ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni ti àpótí: a ó fi fàdákà dídán rọ ọ́, a ó tò ó sínú pálí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì, a ó sì tà á fún ẹni tí ó lówó, títí oríṣi rẹ̀ yóò fi pọ̀ ju ìwúlò rẹ̀ lọ bí ti Montreal àti Atlanta. Èkejì ni ti ọjà: a ó rọ ọ́ ní irin lásán, a ó jù ú sí àárín ènìyàn, yóò sì máa sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìtàn ń bẹ. Ọ̀nà ọjà ni Anaxilas gbà, òun ni Spéìnì àti London àti Bràsíl gbà, òun náà ni mo gbà pé ó tọ́, nítorí pé eré ìdíje kì í ṣe ti olówó; ọmọ tálákà tí kò ní bàtà lè borí ọmọ ọba, ó sì yẹ kí owó tí ń ròyìn rẹ̀ lè dé ọwọ́ ìyá ọmọ náà. Bí ó bá ṣe pé lọ́jọ́ iwájú ni àwa náà yóò fi owó ṣe ìrántí àwọn akọni wa, láti orí Májẹ̀kódùnmí dé orí Ajunwa, kí ó jẹ́ owó tí a ó fi ra ẹ̀kọ àti àkàrà ni. Àwọn àgbà wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, wọ́n sì wí bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé wúrà a máa yọ́, fàdákà a máa pàrọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ó yẹ wúrà àti fàdákà ni kí wọ́n gbé orúkọ rere náà dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ni ín kò lè dé.